Òdòdó Bàbá Garrott Kọ̀, Kò Rudi

"Ìpànìyàn ni mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn," ni Bàbá Wilf Garrott wí, ló bá gbé garawa kan lé orí tábìlì mi ní àgọ́ ọlọ́pàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páì ẹran tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da sọ́ọ̀sì tòmátì lé lórí.

Mo yọjú wo inú garawa. Mi ò rí òkú kankan níbẹ̀. Igi òdòdó kan ló dúró síbẹ̀, ó ga dé àyà mi, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó ń dán bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa.

"Bàbá, ta ni wọ́n pa?"

"Tasker, èmi ni dókítà sọ pé ojú mi ń kú lọ, ìwọ ni o ò ríran. Òun ni wọ́n pa."

"Èyí tó sanra tó báyìí?"

"Ṣé ẹ̀fọ́ ni mo gbìn ni? Níbo ni òdòdó wà lórí ẹ̀? Ìrudi kan ṣoṣo ò sí! Òní Ọjọ́bọ̀ nìyí, Sátidé ni ìdíje!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Ní ìlú wa Launceston, ní apá gúúsù ayé tí ìgbà ìwọ́wé ti ń bọ́ sí oṣù karùn-ún, tí ìgbà náà bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ kirisántímù kì í ṣe àwàdà. Òdòdó ìyá là ń pè é, nítorí òun ni gbogbo ọmọ tó bá lójútì ń gbé lọ fún ìyá rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìyá. Àwọn tó ń gbìn ín fún ìdíje wá le ju àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ. Mo ti rí àgbàlagbà méjì tí wọ́n fi ìkòkò òdòdó halẹ̀ mọ́ ara wọn nínú gbọ̀ngàn ìlú, èmi náà ni mo là wọ́n, mo sì gba ìkòkò kan léjìká.

Ohùn kan wá láti yàrá inú. "Tasker, gbé páì yẹn kúrò níbẹ̀ kí Bàbá ríbi gbọ́wọ́ lé."

Ọ̀gá mi nìyẹn, Sájẹ́ńtì Noreen Pybus, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Obìnrin kúkúrú ni, kò ga ju èjìká mi lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fojú kékeré wò ó á jẹ ìyà ńlá. Ìbéèrè rẹ̀ máa ń dà bíi ti ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe, ibẹ̀ gan-an ló ti ń rí wọn mú. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, okùn tí bàbá náà fi ń wọn ògiri kò sì kúrò nínú báàgì Ọ̀gá rí. "Èèyàn lè parọ́," ó máa ń wí. "Okùn tó bá ti nà tán kò mọ irọ́ pa."

Ó fa àga fún Bàbá Wilf. "Ẹ sọ ọ́ fún mi bíi ká ní mi ò rí òdòdó rí láyé mi."

Bàbá sọ ọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kó ìyẹ̀fun inú òdòdó kan sí inú òmíràn, tó ń gbin irúgbìn tó bá tibẹ̀ jáde, tó ń fa èyí tí kò bá dára tu dà sí ààtàn. Èyí tó dà sí ààtàn pọ̀ débi pé àwọn adìyẹ àdúgbò ti mọ ìró bàtà rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí idẹ, inú rẹ̀ funfun bíi mílíìkì. Lọ́dún tó kọjá, àwọn adájọ́ wò ó, wọ́n ní ó dára. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ni pé òdòdó tuntun kò lè gba orúkọ àfi tí wọ́n bá rí i ní ìgbà ìwọ́wé méjì tó tẹ̀ léra, kó jẹ́ òdòdó mẹ́ta nínú ìgò kan ṣoṣo, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra bí ìbẹta. Ẹni tó bá pa ọdún kan jẹ, àtúnbẹ̀rẹ̀ ló kàn án.

"Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ náà," mo ní.

Bàbá Wilf ò bínú sí mi. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Dókítà ní tí ìgbà ìwọ́wé míì bá fi máa dé, ojú mi ò ní mọ pupa yàtọ̀ sí funfun mọ́. Kò burú, mo ti rí ayé tó. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ọjọ́ tí wọ́n máa sọ ọmọ mi lórúkọ."

Mo ti páì mi sínú dúrọ́ọ̀. Kò wù mí jẹ mọ́.

"Ta lẹ fura sí?" ni Sájẹ́ńtì béèrè.

"Lindsay Quaile, ààrẹ ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ń gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dọọdún. Mo rí i lẹ́nu géètì mi pẹ̀lú páńpù ìfín-oògùn lọ́wọ́. Májèlé ló fín sí wọn!"

Ọgbà Bàbá Wilf wà lẹ́yìn ilé pákó rẹ̀. Ebè gígùn ni, igi òdòdó tò lórí wọn, ó fi ọ̀pá ti ìkọ̀ọ̀kan wọn lẹ́yìn bí ẹni ń ti arúgbó. Ewé nìkan ni mo rí. Láàárín ọgbà ni táǹkì páànù tí ó fi ń gba omi òjò dúró sí, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí àgbà tó jẹun yó. Bàbá mú wa yí lọ sẹ́yìn táǹkì, ó nawọ́.

Òdòdó méjì ló dúró níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tóbi tó orí ọmọ ọwọ́. Atẹ́gùn fẹ́, wọ́n fi ìwọ̀nba funfun inú wọn hàn, wọ́n tún dé e padà. Èmi tí mi ò fẹ́ràn ohunkóhun tí kò ṣeé jẹ, ẹnu mi là sílẹ̀.

"Ẹ ti rí i báyìí?" ni Bàbá wí. "Àṣẹ́kù ni wọ́n. Ibi tí àyè kù ni mo kì wọ́n sí. Quaile ò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, ìyẹn ni májèlé rẹ̀ ò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n méjì péré! Ta ló ń gbé méjì lọ bá adájọ́ tó ní mẹ́ta lòun fẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Mo ti ń fọwọ́ kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lápò mi. Sájẹ́ńtì ní tirẹ̀ ti lóṣòó ti igi kan tó wà ní apá ọ̀tún táǹkì.

"Bàbá, igi yìí fi ẹ̀gbẹ́ kan rudi, kò fi ẹ̀gbẹ́ kejì rudi."

"Èyí tó wà lápá òsì náà rí bẹ́ẹ̀. Ìrudi wọn ti pẹ́ jù, wọn ò lè là kó tó di Sátidé. Mo ti gbàgbé wọn."

"Tasker, tí mo bá bu májèlé sínú tíì rẹ, ṣé apá òsì rẹ nìkan ló máa kú?"

"Ọ̀gá, páńpù ni wọ́n fi fín in. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló bà."

Ó já ewé kan, ó gbé e sí mi lábẹ́ imú. Ó nípọn, ó sì dúdú fún ọ̀rá. "Májèlé wo ló ń mú ẹni tó jẹ ẹ́ sanra? Sọ orúkọ rẹ̀ fún mi kí n rà á fún ọmọ mi tí kì í jẹun."

 Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni fìlà koríko kan yọ lórí pákó tó pààlà. Ìyá Dulcie Frith ló wà lábẹ́ rẹ̀, aládùúgbò Bàbá Wilf, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí tí ó fi ń gé róòsì lọ́wọ́. Onírósì pátápátá ni. Róòsì tó ń gun nǹkan ti bo ahéré irinṣẹ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀, débi pé èèyàn kì í rí páànù.

"Ẹ káàsán, ẹ̀yin ọlọ́pàá," ó ní. Kò kí Bàbá.

"Dulcie," ni Bàbá Wilf wí, "wọ́n ti pa òdòdó mi o."

Ojú obìnrin náà funfun báláú. Fìlà koríko rọ́ wálẹ̀, a ò rí i mọ́.

"Kí lẹ ṣe fún un?" ni Sájẹ́ńtì béèrè.

"Láti ìgbà ìrúwé ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́ la jọ máa ń bú ara wa lórí pákó yìí tẹ́lẹ̀, ayé sì dùn. Nígbà yẹn ni olè kan wọlé, ó gé ẹ̀ka kan lára òdòdó mi. Mo dúró síbí, mo ṣépè fún un dé ìran kẹta. Bóyá ariwo mi ló bí Dulcie nínú."

"Gbogbo èpè yẹn nítorí ẹ̀ka kan?"

"Sájẹ́ńtì! Òdòdó tí kò tíì lórúkọ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bí i. Mi ò gbọdọ̀ tà á, mi ò gbọdọ̀ fi tọrẹ, mi ò gbọdọ̀ yá èèyàn. Tí mo bá fún ẹnì kan pẹ́nrẹ́n, ẹgbẹ́ á tì í síta."

Sájẹ́ńtì wo pákó ààlà, ó wo táǹkì, ó ní ká máa lọ.

A bá Lindsay Quaile nínú gbọ̀ngàn ìdíje, ó ń to ìgò sórí tábìlì. Géńdé gíga ni, ó ti ń hewú, ó de táì lọ́jọ́ iṣẹ́ bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó.

"Ọ̀gbẹ́ni Quaile, kí lẹ lọ ṣe lẹ́nu géètì Garrott?"

"Èmi? Mi ò dé—"

"Pẹ̀lú páńpù lọ́wọ́."

Ó gbé ìgò sílẹ̀. Ojú ti ń tì í. "Mo lọ yọjú ni. Ẹ ti rí òdòdó yẹn? Láti ọdún tó kọjá tí mo ti rí i, oorun ò kùn mí dáadáa mọ́. Páńpù yẹn, mo fẹ́ fi fín kòkòrò ara róòsì ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ bi pásítọ̀."

"Tí tirẹ̀ ò bá wá lọ́dún yìí, ẹ̀yin náà lẹ máa gba ife."

"Ṣé ife nìyẹn? Ife tí mo bá gbà lẹ́yìn Wilf, ife tíì ni. Mo fẹ́ lù ú, Sájẹ́ńtì. Mo fẹ́ kó jókòó síwájú, kó máa wò mí bí mo ṣe ń gbà á. Tí kò bá sí níbẹ̀, adùn wo ló kù?"

Mo gbà á gbọ́. Mo ti gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu àwọn tó ń ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lẹ́yìn.

"Ní tiyín, kí ló ṣe òdòdó Bàbá Garrott?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni ì bá jẹ́. Òdòdó ìyá kì í rudi àfi tí òru bá gùn, tí òkùnkùn rẹ̀ ò sì já. Tí iná bá tàn sí i lóru, á rò pé ìgbà ooru tí òru máa ń kúrú ò tíì tán, á kàn máa yọ ewé lọ. Ẹni tó wọ ẹgbẹ́ wa lánàá mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Èmi fúnra mi gbé àga lọ síbẹ̀, èmi àti Wilf jọ jókòó nínú ọgbà náà títí ó fi lọ sùn. Òkùnkùn biribiri ni. Ìgbà tí a ò rí iná ló tó wá yíjú sí mi."

"Ìgbà wo ni Bàbá Garrott máa ń sùn?"

Mo ti sọ ọ́ fún yín, ìbéèrè ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe. Quaile rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìlú ló mọ̀. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, Wilf ti ń hanrun. Iwájú ilé ni yàrá rẹ̀ sì wà. Wọ́n lè ṣe ìgbéyàwó nínú ọgbà yẹn, kò ní gbọ́."

Sájẹ́ńtì dìde. "Tasker, ó yá."

"Ṣé kí n mú un, Ọ̀gá?"

"Mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a padà dé ọgbà. Sájẹ́ńtì yọ okùn bíríkìlà jáde, ó gé e sí méjì. Ó so ọ̀kan mọ́ igi ọ̀tún tó fi ẹ̀gbẹ́ kan rudi, ó so èkejì mọ́ igi òsì.

"Ẹ gbọ́," ó ní. "Ẹ̀yìn táǹkì nìkan ni òdòdó ti là. Bàbá rò pé táǹkì fi wọ́n pamọ́ fún Quaile. Mo ní táǹkì fi wọ́n pamọ́ fún iná. Igi tó wà létí òjìji fi ẹ̀gbẹ́ tí òjìji bò rudi, èyí tí iná ń bá kò rudi. Òjìji òru ni, kò sẹ́ni tó rí i, àwọn òdòdó ló fi ara wọn yà á sílẹ̀ fún wa."

"Iná wo?" ni Bàbá ń pariwo. "Mo ti ní kò síná!"

"Òjìji kì í sọ bí iná ṣe jẹ́, Bàbá. Ibi tó wà ló ń sọ, ìyẹn ibi tí okùn méjèèjì bá ti pàdé."

Ó fa okùn kan gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún táǹkì, ó ní kí n fa èkejì gba ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí a ṣe ń fà á lọ ni okùn méjèèjì ń sún mọ́ra. Nígbà tí a dé ibi pákó ààlà, àlàfo tó kù láàárín wọn kò ju ìbú fèrèsé kan lọ. Ó ní kí n gun pákó, kí n máa fà á lọ. Ara mi kì í ṣe ara à ń gun pákó. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ìkejì ń rò ó, nígbà tí Ìyá Frith ṣí géètì ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ gba ibí. Pákó yẹn ò lè gbé e."

Okùn méjèèjì pàdé lókè ahéré, láàárín ewé róòsì. Sájẹ́ńtì fi ọ̀pá ya ewé sọ́tọ̀. Iná ńlá kan ló wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń gbé sí pápá bọ́ọ̀lù, ó kọjú sí ọgbà Bàbá Wilf tààrà. Wáyà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú aago kékeré kan tó ń tan iná fúnra rẹ̀. Sájẹ́ńtì wò ó. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló ń tan án. Kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti pa á.

"Ìyá Frith, iná ta nìyí?"

"Tèmi ni." 

"Ọgbà ẹlòmíràn ló kọjú sí."

"Mo fi ń ṣọ́ ọ fún un ni. Olè ti wọ ibẹ̀ rí, ẹ ò gbọ́? Kí olè míì má bàa wá ni."

Orí Bàbá Wilf yọ lórí pákó. "Dulcie! Iná? Iná lo tàn sí òdòdó ìyá?"

"Kí ni iná ṣe fún un? Abẹ́ iná òpópónà ni róòsì mi ń sùn lójoojúmọ́, kò sí èyí tó ráhùn nínú wọn!"

"Róòsì! Róòsì ò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán, bí àwọn tó ń gbìn ín!"

"Wilf Garrott, mo ná owó lórí iná yẹn!"

"Òru ni òdòdó ìyá fi ń rudi! Òkùnkùn ló fi ń ṣe é! Ó ti tó ọdún mélòó tí a jọ ń gbé, o ò mọ̀?"

Kò mọ̀ lóòótọ́. Ní ìlú wa, àwọn onírósì kì í lọ sípàdé àwọn onídòdó ìyá, àwọn yẹn náà kì í wá, bẹ́ẹ̀ gbọ̀ngàn kan náà ni wọ́n ń lò. Ìyá Frith fi ọwọ́ bo ẹnu. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Èmi ni mo pa wọ́n," ó ní. "Wilf, èmi ni."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rò pé ó parí, mo sì ti ń ronú padà sórí páì mi. Sájẹ́ńtì ò kúrò níbi tó wà.

"Ohun kan ò tíì yé mi," ó ní. "Ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà ẹnì kejì nítorí oore, ojú gbogbo ayé ló ti ń tan iná, kí wọ́n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fi ewé róòsì bò ó, tó tún fi aago tan án kí onílé má bàa mọ̀, ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Ìyá Frith, kí ló wà lábẹ́ àpò yẹn?"

Àpò ìdọ̀họ kan wà lẹ́yìn ahéré, wọ́n tẹ́ ẹ lé ọ̀pá mẹ́rin lórí. Ìyá Frith sáré lọ dúró níwájú rẹ̀, ó na etí aṣọ rẹ̀ bí adìyẹ tó rí àṣá. Sájẹ́ńtì kàn ń wò ó. Obìnrin náà yí padà, ó ká àpò náà fúnra rẹ̀.

Òdòdó kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí idẹ, inú rẹ̀ funfun. Iná kì í mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀, òkùnkùn ẹ̀yìn ahéré sì ti tọ́ ọ dáadáa.

"Mo fẹ́ gé róòsì mi tó gun pákó kọjá ni," ni Ìyá Frith wí. "Ọwọ́ mi bá gùn kọjá bẹ́ẹ̀, ó gé ẹ̀ka kan wá, mo sì gbìn ín síbí. Sájẹ́ńtì, orí mi ò mọ̀ sí i, ọwọ́ ló ṣe é. Ó dára jù ni! Ìgbà tí Wilf wá dúró síbi pákó tó ń ṣépè, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé èmi tó ń ṣépè fún nìyí, mo ń gbọ́? Mi ò lè wojú rẹ̀ mọ́. Mo ní kí n kúkú máa ṣọ́ èyí tó kù fún un."

"Kí olè míì má bàa wá," mo ní, ẹ̀rín sì bọ́ mọ́ mi lẹ́nu.

Bàbá Wilf ti gba géètì wọlé.  Ó tẹ̀ ba, títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òdòdó náà, nítorí bó ṣe ń ríran nìyẹn báyìí. Ó yí i po.

"Ó pé mẹ́ta," ó wí.  Lójijì ló nàró, ojú rẹ̀ sì ṣú. "Kò ṣeé lò. Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi."

"Ẹ̀yin lẹ fún un?" ni Sájẹ́ńtì béèrè.

"Èmi kẹ̀? Ó jí i ni!"

Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú dáadáa. Ìyá Frith, ẹ̀yin náà máa nílò rẹ̀ ní Sátidé."

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Òórùn òdòdó àti ti kéèkì alágbọn dàpọ̀ mọ́ra. Ìgò Bàbá Wilf wà láàárín tábìlì, mẹ́ta nínú rẹ̀, bí ìbẹta tí wọ́n wọ aṣọ kan náà. Bàbá ti de táì, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lindsay Quaile gbọ́dọ̀ béèrè, òfin ni. "Wilf, ọgbà ta ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti hù?"

"Méjì hù nínú tèmi." 

"Ìkẹta ńkọ́?"

"Nínú tèmi ló ti hù," ni ohùn kan wí lẹ́yìn.

Gbogbo orí yí padà. Ìyá Dulcie Frith, onírósì, nínú gbọ̀ngàn àwọn onídòdó ìyá! Àwọn kan pòṣé. Adájọ́ àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé ẹni tó bí i ló fi í fún yín, ìyáàfin, a ò lè wò ó. Ṣé ó fún yín?"

Ìyá Frith dìde. Ó mú fìlà koríko rẹ̀ mọ́ àyà.  Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti lò ní ìlú yìí, kò sẹ́ni tó pè é lólè rí.

"Kò fún mi," ó ní. "Mo jí i."

Àwo kéèkì ẹnì kan fọ́ mọ́lẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, mi ò gbọ́ dáadáa," ni adájọ́ àgbà wí.

"Mo ní mo jí i! Èmi Dulcie Frith, mo nawọ́ kọjá pákó, mo gé e, mo gbé e sá! Ṣé ó tó àbí kí n kọ ọ́ lórin?"

Sájẹ́ńtì Pybus jáde síwájú kí ariwo tó gbalẹ̀. "Ohun tí wọ́n jí kì í kúrò ní ti olóhun, ibi yòówù kó sùn. Òdòdó yìí ò di ti ẹlòmíràn rí. Ọlọ́pàá ti gbà á padà, a sì ti dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kọ́ńsítébù Tasker ló gbé e."

"Èmi ni," mo ní. "Ó ń ta mí nímú títí a fi dé ibẹ̀."

Gbogbo ojú wá dojú kọ Lindsay Quaile. Ife-ẹ̀yẹ wà lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dán. Gbólóhùn kan ló kù kó sọ, ìyẹn ni pé òun ò fara mọ́ ọn. Ó wo ife, ó wo Wilf, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Òfin wa kò sọ nǹkan kan lórí ohun tí wọ́n jí," ó ní. "Ẹ̀yin adájọ́, kí lẹ tún ń dúró dè?"

Wọ́n wò ó. Wọ́n yí ìgò po, wọ́n wo ẹ̀yìn òdòdó, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n fi ìka tẹ ọrùn rẹ̀ bóyá ó le, wọ́n sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí. Èmi tí mo ti mú olè àti jàǹdùkú, mo ń rìn síwá sẹ́yìn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Adájọ́ àgbà gbé orí sókè.

"Ó yege. Ọ̀gbẹ́ni Garrott, kí ni ẹ sọ ọmọ?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ní orúkọ kan lọ́kàn," ni Bàbá Wilf wí. "Àárọ̀ yìí ni mo yí i padà. Ìjẹ́wọ́ Dulcie ló ń jẹ́."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, àtẹ́wọ́ sì gba ibẹ̀ kan. Ìyá Frith fi fìlà lù ú léjìká, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Quaile ló pàtẹ́wọ́ jù.

Sájẹ́ńtì dúró kí ariwo rọlẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ ṣì ń pẹjọ́ olè yìí?"

"Mo ń pè é."

Gbogbo orí yí sí Ìyá Frith, Bàbá sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀wọ̀n tí mo dá fún un ni pé kó pa iná yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo ìgbà ìwọ́wé tí òdòdó yìí bá ti là, kó gba géètì wọlé bí ọmọ èèyàn, kó jókòó tì mí, kó sọ fún mi bó ṣe rí."

"Wilf, èmi tí mi ò mọ̀ ju róòsì lọ?"

"Wàá kọ́ ọ. Bẹ̀rẹ̀ báyìí." Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó di ojú rẹ̀ pa.

Ìyá Frith nu ojú, ó sún mọ́ ìgò náà. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń wo ẹni tó fẹ́ràn. "Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí idẹ," ó ní. "Inú rẹ̀ funfun. Rárá, dúró. Kì í ṣe funfun tán."

"Báwo ló ṣe wá rí?"

"Bíi mílíìkì tí wọ́n kán tíì sí. Ẹ̀kán kan ṣoṣo."

Bàbá Wilf la ojú. Ó tẹ̀ ba, ó gbé imú sún mọ́ òdòdó tó ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó nàró.

"Tíì," ó wí. "Ó ríran jù mí lọ, ẹ̀yin èèyàn. Mi ò rí tíì níbẹ̀ rí."

Sájẹ́ńtì gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní kí n lọ gbé kéèkì wá fún un kí gbogbo rẹ̀ tó tán.